Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Onímọ̀ Ìwà Ajá Ṣiṣẹ́ Láìfi Ìyà Jẹ Ajá Yín

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní Akóbọ̀, ní Ìbàdàn, ajá mi gé ọmọ àbúrò mi jẹ lápá. Kò gbó, kò kùn, kò fi eyín hàn kí ó tó ṣe é. Gbogbo ará ilé ni wọ́n ń sọ pé ọ̀dàlẹ̀ ajá ni, nítorí pé ọmọ náà kàn fẹ́ fọwọ́ pa á lórí ni. Ohun tí wọn kò mọ̀, tí èmi mọ̀, ni pé láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí ajá yẹn bá kùn, ìgbálẹ̀ ni mo fi ń dá a lóhùn. Ó gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ó jáwọ́ nínú kíkùn, ó wá ku eyín nìkan tí yóò fi sọ̀rọ̀.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí ajá rẹ̀ ń gbó láìdákẹ́, tó ń lé ọlọ́kadà, tó ń gé ènìyàn jẹ, tó ń fi èékánná ba ilẹ̀kùn jẹ́ bí a bá fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, tàbí tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì bí ààrá bá sán, tí onítọ̀hún sì fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ràn án lọ́wọ́ láìsí pàṣán. Onímọ̀ ìwà ajá ni mò ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti olùkọ́ ajá tó ń kọ́ ajá láti jókòó, láti dúró àti láti tẹ̀lé ènìyàn lójú ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan náà lè mọ iṣẹ́ méjèèjì. Olùkọ́ ajá ń fún ajá ní ohun tuntun tí yóò máa ṣe. Onímọ̀ ìwà ajá ń wádìí ohun tó ń bí ajá nínú tàbí tó ń bà á lẹ́rù, ìyẹn ló sì ń tún ṣe kí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tó kàn.

Dókítà ẹran ni kí ẹ kọ́kọ́ rí

Onímọ̀ ìwà ajá tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láìbéèrè ohun tí dókítà ẹran sọ. Ìrora ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìkanra: eyín tó ti jẹrà, ìbàdí tó ń ro ajá tó ti dàgbà, egbò tí eégbọn dá sí abẹ́ irun tí ojú wa kò rí. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, dókítà ká etí òsì ajá náà sókè, òórùn tó jáde níbẹ̀ sì mú kí èmi fúnra mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú etí náà ti pọ́n, ọyún ti wà níbẹ̀, ibi tí ọwọ́ ọmọ náà sì ń lọ gan-an nìyẹn. A ń kán oògùn sí i, etí náà sì jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ajá náà ṣì ń yẹrí fún ọwọ́, nítorí pé ara ti jinná, ọkàn kò tíì gbàgbé. Apá tó ṣẹ́kù yìí ni ti onímọ̀ ìwà.

Ní Ìbàdàn, ìtọ́jú kò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn ẹranko tí Yunifásítì Ìbàdàn fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà ní Mọ́kọ́lá, àwọn dókítà aládàáni náà sì wà káàkiri ìgboro. Ẹ ní kí dókítà wo ẹnu, etí, ojú, awọ ara àti oríkèé ajá náà, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ tẹ ajá náà lọ́dàá kí ìkanra rẹ̀ lè tán, ẹ fara balẹ̀ béèrè dáadáa. Ó lè dín rírìn kiri wá abo kù, ṣùgbọ́n kì í wo ẹ̀rù sàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gba sùúrù rárá, òun náà ni dìgbòlugi. Bí ìwà ajá bá ṣàdédé yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó ń gé igi àti irin jẹ, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn, ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ajá bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé bí àmì àìsàn yìí bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Kò sí epo pupa, kò sí àgúnmu tó lè dí ipò abẹ́rẹ́. Ajá yín gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi láti ìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí ó sì máa gbà á bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ náà sítòsí. Onímọ̀ ìwà yóò béèrè rẹ̀ kí ó tó wọ géètì.

Ta ni ẹ máa pè?

Orúkọ yìí, onímọ̀ ìwà ajá, kò ní ìdè òfin. Kódà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni tó bá wù lè kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ẹgbẹ́ bíi Animal Behaviour and Training Council lọ́hùn-ún àti International Association of Animal Behavior Consultants fi ń ní ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n ti yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ẹ lè rí ìwé orúkọ wọ̀nyẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan nínú wọn sì máa ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ láti òkèèrè lórí fídíò. Bí ó bá jẹ́ ará ìlú yìí ni ẹ fẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran yín ta ni òun máa ń rán àwọn oníbàárà òun sí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń ní kí ènìyàn bi onímọ̀ kí owó tó jáde lápò. Bí ajá mi bá ṣe dáadáa, kí ni ẹ máa ṣe fún un? Bí ó bá ṣì í ńkọ́? Ǹjẹ́ ohunkóhun wà nínú ọ̀nà yín tó lè dun ajá yìí tàbí tó lè dẹ́rù bà á, ṣé kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó rọ̀ jù ú lọ? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò dáhùn ní tààrà. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀, tó ń sọ pé àṣírí iṣẹ́ ni, tàbí tó bá búra fún yín pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni gbogbo rẹ̀ máa fi tán, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì ṣí géètì fún un.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Kí n tó rí ẹni gidi, ọkùnrin kan ti wá pẹ̀lú ṣéènì tó máa ń fún ajá lọ́rùn bí a bá fà á, ó sì ní ajá mi fẹ́ jọ̀gá lé mi lórí ni. Ní ọjọ́ kejì, bí ajá náà bá ti gbọ́ dídún géètì, ẹ̀yìn táńkì omi ló ń sá lọ, ó sì tọ̀ sára níbẹ̀. Ọkùnrin náà pe èyí ní ìgbọràn.

Ọ̀rọ̀ pé ajá ń du ipò ọ̀gá yìí ní orírun. Ní ọdún 1947, Rudolf Schenkel, onímọ̀ nípa ẹranko, kọ̀wé lórí àwọn ìkookò tí ó wò nínú ọgbà ẹranko, níbi tí wọn kò ti rí àyè sá fún ara wọn, ó sì rí i pé wọ́n ń jà sí ipò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì fi lé ajá inú ilé lórí. Ní ọdún 1999, David Mech, tí òun náà ti wo ìkookò nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ̀wé pé agbo ìkookò inú igbó kì í sábà ju bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn lọ. Ajá kò sì tún jẹ́ ìkookò mọ́. Níhìn-ín ní Ìbàdàn, a mọ bí ènìyàn ṣe ń gun oyè ní ìpele ìpele láti Jagun títí dé Olúbàdàn, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn fi tètè wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ajá mi kò sí lórí ìlà Ọ̀tún, kò sí lórí ìlà Balógun. Ẹ̀rù ló ń bà á, tàbí ebi, tàbí kí ara máa ro ó.

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Pennsylvania, tí ó jáde ní ọdún 2009, wọ́n bi àwọn tó gbé ajá oníwàhálà wá léèrè ohun tí wọ́n ti dán wò nílé. Nínú àwọn tó ti lu ajá wọn tàbí tí wọ́n ti ta á nípàá, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé ajá náà dojú ìjà kọ àwọn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko tó ń ṣe iṣẹ́ ìwà ẹranko ní Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ gbangba ní ọdún 2021 pé fífi èrè kọ́ ajá ni kí a máa lò, ìbáà jẹ́ fún ẹ̀kọ́ lásán tàbí fún ìwà tó ti bàjẹ́.

Ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ kí ó tó dé

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìbẹ̀wò, ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ so bírò mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé e kọ́ síbi tí gbogbo ilé ti lè rí i. Ìgbàkígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ aago tí ó lù, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ kí ajá tó ṣe é, bí ara ajá ṣe rí, àti ohun tí ẹ̀yin ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi ìdájọ́ sílẹ̀. «Ó ya wèrè» kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ nìyí:

«Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́kadà tó ń gbé gáàsì dúró lẹ́nu géètì. Ajá wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó tó ìṣísẹ̀ 12 sí géètì. Ó dìde, ó pa ẹnu dé, ó dúró gbagidi, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ó sáré lọ gbó mọ́ ọn. Mẹ́gáàdì sọ òkúta lù ú. Ọlọ́kadà lọ.»

Nínú ìlà díẹ̀ yìí, onímọ̀ ìwà rí ohun méjì tí èmi kò rí láti ọdún kan. Àkọ́kọ́ ni pé gbígbó ń ṣiṣẹ́ fún ajá náà: lójú tirẹ̀, òun ló lé ọlọ́kadà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà kàn já gáàsì sílẹ̀ tó sì ń bá tirẹ̀ lọ ni. Èkejì ni pé ìgbà tí ọlọ́kadà bá dé ni òkúta máa ń dé. Ajá kò mọ̀ pé mẹ́gáàdì ló jẹ̀bi. Ohun tó mọ̀ ni pé ọ̀kadà àti ìrora jọ ń rìn.

Fídíò dára ju ìwé lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tọ́ ajá níjà nítorí àtiyà á. Ẹ gbé fóònù sójú fèrèsé kí ó máa ká ohun tó bá ń lọ ní àgbàlá ní ọjọ́ tí kò sí nǹkan, nítorí pé onímọ̀ fẹ́ rí bí ajá náà ṣe ń sùn, bí ó ṣe ń rìn, ẹsẹ̀ èwo ló ń gbé sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Ẹ kọ́ láti ka ara ajá kí ó tó dé orí eyín. Ajá tí a kò tíì pa lẹ́nu mọ́ máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ìgbà pípẹ́: á yán nígbà tí oorun kò kùn ún, á lá imú nígbà tí kò sí oúnjẹ nítòsí, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí funfun ojú rẹ̀ á hàn, etí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ orí, ìrù rẹ̀ á wọ ìtan. Jíju ìrù nìkan kò túmọ̀ sí ìdùnnú. Ìrù tó nàró tó ń gbọ̀n wìrìwìrì lè jẹ́ ìkìlọ̀. Bí kò bá rí ẹni gbọ́ tirẹ̀, á dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ni yóò kùn. Bí ó bá kùn, ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ mú ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kíkùn yẹn ni ohun tó níye lórí jù tí ajá yín ní láti fún yín, ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́

Ó máa ń gbà tó wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, ìjókòó àti ìbéèrè ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Arábìnrin tó wá sí ilé wa kò wo ajá náà lójú, kò na ọwọ́ sí i, ó kàn jókòó sórí àga oníke tó fi ẹ̀gbẹ́ kọ ọ́. Ó béèrè ẹni tó ń fún un lóúnjẹ, irú oúnjẹ wo, wákàtí mélòó ló ń lò lórí ṣéènì, ibi tó ń sùn sí, ìgbà wo ló kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ní ìdí: láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá tàbí ìkẹrìnlá ni ọmọ ajá máa ń kọ́ láti mọ ayé, ohun tí kò bá sì rí nígbà náà, ọmọdé, agboòrùn tàbí alábàrù, lè máa bà á lẹ́rù bí ó bá dàgbà.

Ó yíjú sí mi. «Ẹ̀gbọ́n, bó bá kùn, kí ni ẹ máa ń ṣe?»

Mo ń wá ọ̀rọ̀ tó máa dùn ún gbọ́, ni Màmá mi bá dáhùn láti ilé ìdáná: «Ìgbálẹ̀ ni.»

Kò bá mi wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì béèrè ohun tó kàn. Mo sọ èyí nítorí pé ìtìjú ló ń ba ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ jẹ́ jù. Bí ẹ bá ti lu ajá náà, ẹ sọ. Bí ó bá ti gé ènìyàn mẹ́ta jẹ, ẹ má ṣe pè é ní ẹyọ kan. Ẹni tó bá fi àìsàn pamọ́ fún babaláwo, kí ni babaláwo máa dáfá sí?

Orúkọ ajá náà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó béèrè. Ẹ̀yìnlàárò ni, Màmá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ará àdúgbò kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò fẹ́ bá wíjọ́. (Ará àdúgbò náà ti kó lọ sí Ológuneru, ajá ló ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ náà.) Arábìnrin yìí ní kí n pe ajá náà. Mo pè é, ó sá wọ abẹ́ mọ́tò. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó ní, «Òótọ́ ni, sà, ṣùgbọ́n kí ni fèrè náà ti ń ṣe fún ajá yìí láti ọjọ́ yìí wá?» Ìwẹ̀ àti ṣéènì ni. Nínú ọdún méjì, a kò tíì fi orúkọ yẹn pè é wá gba ohun rere rí. Ó ní kí a fi orúkọ náà sílẹ̀ fún Màmá, kí a sì máa lo ọ̀rọ̀ tuntun kan, «Gbà!», tí ẹran yóò máa tẹ̀lé nígbà gbogbo láìyẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Iṣẹ́ náà gan-an

Ètò tí wọn yóò fún yín máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dídènà, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ajá bá tún ìwà náà hù ló ń fi ṣe ìdánrawò. Àwa fi tapólì bo ojú géètì tó jẹ́ irin gbọọrọgbọọrọ, a ní kí ọlọ́kadà máa pe fóònù kí ó tó dé, a sì gba òkúta lọ́wọ́ mẹ́gáàdì. Ìyẹn nìkan ti dín gbígbó kù lọ́pọ̀lọpọ̀. Arábìnrin náà tún ní kí a dín àkókò orí ṣéènì kù, kí a máa mú ajá náà jáde ní àárọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́ tí ọ̀dà ojú títì ti tutù, kí ó máa fi imú rẹ̀ gbóòórùn bí ó bá ṣe wù ú láìsí pé a ń fà á. A máa ń fọ́n oúnjẹ rẹ̀ sínú páálí ẹyin kí ó máa fi imú wá a, dípò kí a dà á sínú abọ́ kí ó gbé e mì ní ìṣẹ́jú kan. Ní ti oúnjẹ, àjẹkù àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata kò dára fún un. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ ọ̀kadà. Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, ló ṣàkíyèsí pé itọ́ máa ń dà lẹ́nu ajá kí oúnjẹ tó dé, bí ohun kan bá ti ń ṣáájú oúnjẹ náà nígbà gbogbo. Lórí ìmọ̀ yẹn ni iṣẹ́ yìí dúró. A se ẹ̀dọ̀ adìyẹ láìsí iyọ̀, láìsí ata, a gé e wẹ́wẹ́ tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju hóró ẹ̀wà lọ, a sì gbé ajá jìnnà sí géètì débi tí ó ti lè rí ọ̀kadà tí kò sì ní kàn án. Tiwa jẹ́ ìṣísẹ̀ 30, lẹ́yìn ilé pátápátá. Ọ̀kadà yọ, ẹran bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kadà lọ, ẹran tán. Ọ̀kadà ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ṣe é lódì, tí mò ń na ẹran jáde kí ọ̀kadà tó dé nítorí pé mo gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, tí ajá náà sì wá ń fura sí ẹ̀dọ̀ adìyẹ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ajá bá kọ ẹran, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí ó bá gbà á lọ́wọ́ yín bí ẹni ń já a gbà, ẹ ti ń sún mọ́ ààlà. Ẹ padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ márùn-ún, kí ẹ má bínú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, a wà ní ìṣísẹ̀ 18; ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀kadà kan yọ̀ ṣubú lójú géètì, a sì tún padà sí 30.

Ti ọwọ́ àti orí gba sùúrù ju ti ọ̀kadà lọ. Mo na ọwọ́ títí ó fi ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí etí rẹ̀, mo dúró, mo fún un lẹ́ran, mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Bí ó bá yí orí, mo ti gbọ́ ìdáhùn, ọwọ́ náà padà. Ní ọjọ́ kọkànlá, òun fúnra rẹ̀ gbé àgbọ̀n lé mi lọ́wọ́.

Ìnira tó pọ̀ jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Màmá ń sọ «Sọ̀kalẹ̀!», ọmọ ọ̀dọ̀ ń sọ «Down!», mẹ́gáàdì ń fi Haúsá lé e, gbogbo wọn sì fẹ́ kí ajá kan ṣoṣo mọ̀ pé ohun kan náà ni. Ẹ kó gbogbo ilé jọ níwájú onímọ̀, kí ẹ fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ má ṣe fi ọmọdé ṣe ara ẹ̀kọ́ ajá tó ti gé ènìyàn jẹ rí.

Bí onímọ̀ bá ní kí ajá náà máa wọ ìbonu nígbà tí àlejò bá wà, èyí tó rí bí apẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ rà, tí ajá lè la ẹnu nínú rẹ̀, kí ó sì mu omi. Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára, èyí tó bá sì di ẹnu rẹ̀ pinpin nínú ooru Ìbàdàn lè pa á. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ máa ki ẹnu bọ̀ ọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó so okùn rẹ̀.

Fún ajá tí ààrá tàbí bángà oṣù Kejìlá ń dẹ́rù bà, onímọ̀ lè fún yín ní ohùn ààrá lórí fóònù, kí ẹ máa tàn án wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pẹ̀lú ẹran ní oṣù tí òjò kò sí, kí ẹ sì máa gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ tí bángà gidi bá ń dún, ẹ̀kọ́ kò sí. Ẹ mú un wọ yàrá, ẹ tan fáànù àti rédíò, ẹ jókòó tì í. Títù ú nínú kò ní kọ́ ọ ní ẹ̀rù. Ní àsìkò ọdún egúngún, ẹ mọ ọjọ́ àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà, kí ẹ má ṣe mú ajá jáde. Ajá tó bá pàdé ariwo, agọ̀ àti pàṣán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́.

Bí ẹ̀rù náà bá pọ̀ débi tí ajá kò lè jẹun, kò lè sùn, onímọ̀ yóò dá yín padà sọ́dọ̀ dókítà ẹran fún oògùn. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí iṣẹ́ wọn tó hàn, wọ́n sì wà láti jẹ́ kí ẹ̀kọ́ lè wọlé ni. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn oorun tàbí oògùn ara ríro ti ènìyàn. Ibuprofen nìkan lè ba kíndìnrín àti ikùn rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ní kí onímọ̀ náà padà wá, kí ẹ sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ ti àkọ́kọ́ àti ti ìsinsìnyí lé e lọ́wọ́. Nígbà tí tiwa padà wá, ọlọ́kadà gáàsì dé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yìnlàárò gbé orí sókè, ó wo géètì, ó wo àpò mi. Mo bi arábìnrin náà bóyá ọmọ àbúrò mi ti lè máa wá bá a ṣeré. Ó ní ajá tó ti gé ọmọ jẹ rí kò ní gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ òun, pé kí n ra ilẹ̀kùn kékeré onírin sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. A rà á. Bí ọmọ náà bá dé báyìí, ọ̀kan wà níhìn-ín, ọ̀kan wà lọ́hùn-ún, ajá á sì na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀, á máa sùn.